Éèsì fún Bọ́ọ̀sì Tí Mo Sọ Di Ilé

Bọ́ọ̀sì ni mò ń gbé. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ ti wà lábẹ́ òkun. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì mi wà tẹ́lẹ̀, ẹja ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ báyìí. Òkun náà kò kánjú. Ó kọ́kọ́ mú ilé ìdáná, ó sinmi, ó wá mú yàrá àwọn ọmọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kan pèpéle, èmi àti ìyàwó mi kó ohun tí apá wa ká sínú ọkọ̀ ojú omi, a wá sí ibi tí títì parí sí, níbi tí ilẹ̀ ṣì le díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Dírébà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá mi bú mi títí nítorí rẹ̀. Ó ní ọmọ Ìlàjẹ tó ju àjẹ̀ sílẹ̀ tó lọ di sítíárì mú, ebi ni yóò pa á. Ebi kò pa mí. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ ni mo wà fún ọkùnrin kan ní Èkó, mo ń gbé èrò lọ sí Òkè Ọya, mo ń gbé wọn bọ̀, títí ewú fi bo orí mi. Nígbà tí ọ̀gá mi pa iṣẹ́ náà tì, ó pè mí sí ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀, ó ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì tó ti dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀. Ó ti yọ ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn tà. Mo mú èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fà á dé ọ̀dọ̀ wa, èmi sì jókòó sí àyè dírébà jálẹ̀ ọ̀nà, mo di sítíárì mú gírígírí, bẹ́ẹ̀ n kò darí nǹkan kan. Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ń juwọ́ sí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn.

Mo tú àwọn àga rẹ̀. Mo tẹ́ pákó sílẹ̀, mo gbé bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, mo fi sítóòfù àti àwo sí àárín, mo ṣe ilé ìwẹ̀ kékeré sí ibi tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa ń dúró sí. Iṣẹ́ náà wù mí. Ìyàwó mi rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan òrùlé, ó fọwọ́ kan ògiri, ó wá ní, “Bàbá, pósí elérò púpọ̀ mà rèé.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ooru ló wá sọ ọ̀rọ̀ di òótọ́. Ilé orí omi tí wọ́n bí wa sí, pákó ni, òpó ló gbé e dúró, afẹ́fẹ́ sì ń gba àlàfo pákó wọlé láti ìsàlẹ̀. Bí o bá na ara sílẹ̀ lọ́sàn-án, atẹ́gùn omi yóò máa fẹ́ ọ lẹ́yìn. Irin ni bọ́ọ̀sì. Bí oòrùn bá ti bọ́ sí i lára láàárọ̀, nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ó ti di àgbá tí àwọn obìnrin wa fi ń yan ẹja, àwa sì ni ṣàwá inú rẹ̀. Ara ìyàwó mi sì ti wọ ìgbà tí ooru ń ti inú obìnrin jáde wá pàdé ti ìta. Yóò dìde jókòó, yóò bọ́ bùbá, yóò da omi sórí, yóò tún dùbúlẹ̀. Kò ráhùn púpọ̀. Ó kàn ń gbẹ bí ẹni tí wọ́n yan lóòótọ́.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọbìnrin wa fi bímọ ní Àkúrẹ́, ìyàwó mi sì lọ bá a wẹ ọmọ. Kò sí ìyá tí kì í lọ. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ. Ọmọ náà jókòó, ó rá, ó rìn, wọ́n tún bí òmíràn lé e. Ọmọbìnrin wa ń lọ sí ibi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ibi iṣẹ́, ta ni yóò mú ọmọ? Mo mọ gbogbo èyí. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, mo sì ń dá wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí, kí n má fi òwe bò ó. Púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, tí mo bá rò, àṣẹ́kù rẹ̀ ni mò ń jẹ lọ́jọ́ kejì, nítorí ọwọ́ mi kò mọ ti ẹnì kan. Ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì jìn, ẹ̀gbẹ́ kejì le bí ọjọ́ tí mo rà á. Nígbà mìíràn màá gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín lórí rédíò, màá yíjú láti sọ ọ́, ẹ̀rín náà yóò sì kú sí mi lẹ́nu. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá gbé. Láti ilé bàbá mi ni mo ti bọ́ sínú bọ́ọ̀sì elérò ọgọ́ta, mo ti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ìyàwó.

Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè ọjọ́ tí yóò padà, ooru ló máa ń sọ. “Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ yẹn tutù ná, kí ẹ wá wò ó bóyá n ò ní í dé.” Ó sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà débi pé mo mú un gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Mo sọ fún ara mi pé éèsì, ẹ̀rọ amúlétutù, ló jókòó sáàárín èmi àti aya mi. Bí mo bá rí éèsì tó tọ́, aya mi dé nìyẹn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá éèsì nìyẹn, bí ẹni tó ń wá ọkọ fún ọmọ.

Èyí tí bọ́ọ̀sì náà gbé wá láti ilé ayé rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lórí òrùlé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àpótí. Òun ni mo kọ́kọ́ ronú kàn, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀nà Kánò, ó máa ń mú kí àwọn èrò béèrè aṣọ ìbora. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, ẹ́ńjìnnì sì ti lọ. Mo tilẹ̀ gun òkè lọ wò ó. Mo fọwọ́ kan àwọn ìyẹ́ irin inú rẹ̀, wọ́n wó mọ́ mi lọ́wọ́ bí lẹbẹ ẹja gbígbẹ. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Mo dúró lórí òrùlé níbẹ̀, mo ń wo òkun, inú sì bí mi sí òkun náà gan-an. Ilé mi kò tó o, ó tún wá jẹ éèsì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa tírélà ní kí n ra irú èyí tí àwọn fi ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì: kékeré, bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, kò nílò iná. Ọkọ ọmọ mi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo lọ sùn nínú tírélà ọ̀rẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí n lè mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ó ń tutù. Ó fẹ́ imú mi títí imú mi fi dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń làágùn. Ilé dírébà tírélà kò ju ibi tí ènìyàn lè na ọwọ́ méjèèjì sí. Bọ́ọ̀sì mi gùn. Bí mo bá fi èyí sẹ́yìn, ẹni tó bá ń dáná ní àárín yóò máa jóná, ta ni yóò sì máa dáná bí kì í ṣe ẹni tí mò ń tìtorí rẹ̀ wá éèsì? Mo dá àwòrán náà padà fún ọkọ ọmọ mi pẹ̀lú ẹ kú iṣẹ́.

Oníéèsì kan wá láti Òkìtìpupa. Ọkùnrin tó lọ́rọ̀ lẹ́nu ni, ó ń fi gbogbo ohun tó bá wí búra. Ó kọ́kọ́ dá a lábàá pé ká ra irú èyí tí wọ́n ń fi sí ojú fèrèsé, ká gé ìhà bọ́ọ̀sì, ká tì í bọ̀ ọ́, ká wá ra jẹnẹrétọ̀. Mo ní kí ó má gé mọ́tò mi. Ibi tí a bá ti gé irin létí òkun, ìpẹtà ti rí ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Mo tún ní, “Jẹnẹrétọ̀ yóò máa bú létí ìyàwó mi mọ́jú, yóò wá sọ pé ooru dára ju ariwo lọ, èmi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń pa ariwo.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lo éèsì yìí tàbí Màmá?” Mo ní Màmá ni. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù fún mi kí n bá Màmá sọ ọ́?” N kò gbé fóònù fún un. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ìyàwó mi yóò dé bá.

Èyí tí a wá mú nígbẹ̀yìn ni irú èyí tó pín sí méjì, tí ọ̀kan ń fẹ́ atẹ́gùn nínú, tí èkejì ń mí níta. Sólà ni yóò máa gbé e, nítorí iná ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń bá ṣe àdéhùn ní ẹkùn tiwa. A sọ éèsì àtijọ́ kalẹ̀, a to páńẹ́ẹ̀lì sólà sí àyè rẹ̀. A kó bátìrì sínú ihò tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀. Ibi tí a óò fi ìdajì ti ìta kọ́ sí ló fa àríyànjiyàn. Èmi ní kó kọjú sí omi, nítorí gbogbo ohun tó bá níyì lọ́dọ̀ wa, omi ló ń kọjú sí. Ilé tó bá kẹ̀yìn sómi, àlejò wo ni yóò bá a? Oníéèsì ní àlejò kọ́ ni éèsì ń retí. Ó ní bí ó bá kọjú sí òkun, iyọ̀ yóò jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí, atẹ́gùn òkun yóò sì máa tì í lẹ́nu pa dà. A gbé e sí ìdí bọ́ọ̀sì, ó kọjú sí igbó. Ó kọ́ mi pé kí n máa fi omi tí kò níyọ̀ wẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọmọ ọwọ́.

Ohun méjì ló tún pa láṣẹ. Ó ní kí n má máa pa á lọ́sàn-án, kódà bí n kò bá sí ńlé, nítorí irin tó bá ti gbóná, ó di alẹ́ kí ó tó rọ̀. Èkejì, ó ní kí n dí àwọn fèrèsé. Gíláàsì ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ooru kò sì ní ẹnu ọ̀nà tó jù wọ́n lọ. A gé fóòmù bá ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, a fi bébà kan tó ń dán bíi fàdákà bò ó, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ra pinpin. Nígbà tí a parí, inú bọ́ọ̀sì ṣókùnkùn lójú ọ̀sán. Mo tan gílóòbù.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí fèrèsé jẹ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí ẹni tó bá dàgbà sórí ilẹ̀ lè má mọ̀. Lórí omi, ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn. Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wá kàn án? Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kọjá yóò ké sí ojú fèrèsé láti mọ̀ bóyá wọ́n wà nílé: “Ẹ wà n'ulí o?” Ẹni tó wà nínú yóò ní, “A wà o!” ìkíni ti parí. Bí wọ́n bá rí fèrèsé ní títì, a jẹ́ pé àwọn onílé ti lọ sí abà ẹja, tàbí pé òkú wà nílẹ̀. Ọkọ̀ yóò rọra kọjá. Ilé tó ti fèrèsé, a kì í pè é, a kì í sì í kàn án. Nígbà tí a kó dé etí títì, àṣà náà bá wa kó. Bí mo ṣe ń dá gbé nínú bọ́ọ̀sì yẹn tó, láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń kí mi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn apẹja, àwọn tó ń lọ wọkọ̀, ìyá kan tó ń yan ẹja lódìkejì ọ̀nà. “Bàbá, ẹ wà n'ulí o?” Èmi náà yóò dáhùn pé, “A wà o!” Wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ṣùgbọ́n èmi nìkan ń jẹ́ àwa wà lójoojúmọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Lẹ́yìn tí a dí fèrèsé, ohùn wọn dín, ó dín, ó dákẹ́. N kò kà á sí. Mo ní bí ìyàwó mi bá ti dé, àwa méjì yóò máa kí ara wa.

Éèsì náà ṣiṣẹ́. Èrè wàhálà wa tètè hàn. Ìgò àdí àgbọn kan wà tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó máa ń fi pa ara. Láti ọjọ́ tó ti lọ, bí omi ló ṣe ń ṣàn nínú ìgò náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a tan éèsì, mo wò ó, ó ti dì, ó funfun bí ọ̀rá. Mo gbé ìgò náà dorí kodò, kò mira. Mo sáré jáde lọ pè é ní Àkúrẹ́. Mo ní láti jáde, nítorí bébà dídán yẹn kò jẹ́ kí fóònù rí nǹkan kan mú nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ni mo ti máa ń pè.

Mo ní, “Àdí rẹ ti dì.”

Ó ní, “Irọ́ lẹ̀ ń pa.”

“Ó dì gbagidi. Mo fi ṣíbí gún un.”

Ó wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò tí ì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò lórí omi. Ó ní, “Àdí dì ní Ìlàjẹ, láìsí ọyẹ́! Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi.” Mo bi í pé ọjọ́ wo ni yóò dé. Ó ní òun ti gbọ́. Ìyàwó mi kì í dá ọjọ́ fúnni. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ pàápàá, òun ló pa àwọn ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́ títí ó fi ṣe tán. Mo fi í sílẹ̀. Mo fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo ra ìrọ̀rí tuntun. Mo ń gbálẹ̀ bí ọkọ ìyàwó.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo wọkọ̀ ojú omi lọ wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Etíkan, mo sùn síbẹ̀, mo sì fi éèsì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí oníéèsì ti wí. Ìyá tó ń yan ẹja rí mi nígbà tí mo ń padà bọ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ rìnrìn-àjò ni? Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yín, mo rò pé ẹ wà nínú ulí.” Mo ṣàlàyé fún un pé bí mo wà, bí n kò sí, ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́. Ó kan sáárá sí i.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì wá ràn bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Mo jẹun ọ̀sán, mo sùn. Bí mo ṣe ń sùn nígbà náà, n kò sun irú rẹ̀ rí láyé mi. Òtútù, òkùnkùn, ìró éèsì tó ń kùn jẹ́ẹ́. Dírébà kì í sùn jinlẹ̀, etí rẹ̀ kan máa ń wà lójú ọ̀nà. Àmọ́ nínú éèsì yẹn, mo sùn bí òkúta tó wà nísàlẹ̀ omi. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo jí tí mo ṣílẹ̀kùn láti lọ gba afẹ́fẹ́.

Ìyá tó ń yan ẹja wà níbi àgbá rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, “Bàbá! Inú ibẹ̀ lẹ wà?”

Mo ní, “Níbo ni ǹ bá wà?”

Ó ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Ìyá dé o! Ìyàwó yín dé! Ó ti lọ!”

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó wá sún mọ́ mi, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀sán gangan ni mọ́tò kan já a sílẹ̀. Báàgì ńlá méjì ló gbé, àti àpò tó di aṣọ òtútù rẹ̀ sí, àti odó. Odó kékeré rẹ̀ tó gbé lọ sí Àkúrẹ́ láti máa gún oúnjẹ ọmọ, ó gbé e padà. Obìnrin kì í gbé odó wá ṣe àbẹ̀wò.

Ìyá náà ní, “Ó wo àwọn fèrèsé, ó ní, ‘Ta ló kú?’ Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń tì í. Ó pè yín lórí fóònù, wọ́n ní kò wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilé tó tì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo ní ó lè jẹ́ pé Etíkan lẹ tún lọ. Mo ní ẹ ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í dákẹ́ bí ẹ ò sí. Bàbá, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo sọ pé ẹ ò sí ńlé.”

Mo ní kò ṣẹ̀ mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dúró.

“Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó lọ́dọ̀ mi. Ó jókòó díẹ̀. Àwọn èrò ń kọjá, wọ́n ń wo ẹrù, wọ́n ń wo ilé tó tì. Ó wá dìde. Ó ní, ‘Obìnrin tó jókòó ti ẹrù níwájú ilé ọkọ tó tì, kí ni wọ́n ń pè é?’ Mọ́tò tó ń padà lọ dé, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ẹrù òun.”

Èmi náà mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ìyàwó tí wọ́n kọ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ bá kọ obìnrin, kì í bá a jà; yóò kàn ti fèrèsé, yóò jẹ́ kí ó bá ẹrù rẹ̀ níta. Ìyàwó mi mọ̀ pé n kò kọ òun. Ṣùgbọ́n ojú ayé ń wò ó, kò sì lè jókòó sínú rẹ̀.

Mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò, mo wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, mo gbàgbé èkejì. Mọ́tò ti lọ tipẹ́. Mo pè é, fóònù kò wọlé, ó wà lójú ọ̀nà. Mo padà sínú bọ́ọ̀sì. Òtútù kọ lù mí lẹ́nu ọ̀nà, mo sì bínú sí i, mo gbá ògiri irin náà lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ló dùn mí. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́ dè é. Mo sunkún. Àgbàlagbà ọkùnrin, nínú òtútù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, mo pè é. Ó gbé e.

Ó ní, “Ẹ ti dé láti Etíkan?”

Mo ní, “N kò lọ sí Etíkan. Inú ilé ni mo wà. Mo ń sùn.”

Mo ń gbọ́ ìró ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀, àti ṣíbí tó ń kan abọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fóòmù, bébà dídán, fóònù tí kì í wọlé. Mo ní gbogbo fèrèsé ni màá tú lónìí, kó gbóná bó bá fẹ́ gbóná. Mo ní màá wá sí Àkúrẹ́ lọ́la, èmi ni màá ru odó náà lórí, gbogbo ayé ni yóò rí i pé ọkọ rẹ̀ ló wá mú un.

Ó ní, “Ẹ má tú u. Ẹ ti ṣe wàhálà.” Ó tún ní, “Bàbá, ẹ gbọ́. Nígbà tí mo ń kó ẹrù jáde níbí, àbíkẹ́yìn wọn di ìró mi mú. Kò pariwo. Ó kàn dì í mú. Mo ní láti tú ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é, nítorí yín ni mo ṣe ṣe é. Nígbà tí mo padà dé lálẹ́ àná, ó ti sùn, wọ́n ní ó sunkún títí. Láàárọ̀ yìí ó rí mi, kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó wá, ó di ìró náà mú, ó ń fi ọwọ́ kejì jẹun. Ó dì í mú báyìí tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀.”

Mo ní mò ń gbọ́.

Ó ní, “N ò lè tú ọwọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì.”

Mo ní mo gbọ́. Kò pa fóònù, èmi náà kò pa á. A dúró bẹ́ẹ̀, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí àti bí ọmọ náà ṣe ń jẹun, títí owó orí fóònù mi fi tán.